Kí ló dé tí àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ọmọ kí wọn kí ó tó run orín?

Ẹnìkan tí ó dàgbà sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ béèrè ìtumọ̀ ohun kan tí ìyá náà máa ń ṣe. Bí ọmọ bá jí ní àárọ̀, tí ó sì kúnlẹ̀ kí i láì tíì fọ ẹnu, ìyá náà kì í dáhùn. Ọwọ́ ni ó fi ń júwe ibi tí orín wà fún un. Abéèrè náà fẹ́ mọ̀ bóyá èèwọ̀ ni èyí tàbí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán, ó sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá orín nìkan tó láti fi tọ́jú eyín àti èrìgì ní ayé òde òní.

Orí ìkíni fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, kíkí àgbà ní àárọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a sọ láti ọ̀nà jíjìn, kí a sì bá tiwa lọ. Ọmọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin yóò kúnlẹ̀, wọn yóò béèrè bóyá àgbà náà jí dáadáa, àgbà náà yóò ki ọmọ ní oríkì rẹ̀, yóò súre fún un, ọmọ náà yóò sì máa ṣe àmín. Ojúkojú ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, ẹnu kò sì jìnnà sí imú. Nígbà tí a bá sùn, itọ́ ẹnu máa ń dín kù púpọ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ẹnu, pàápàá àwọn tí ó wà ní ẹ̀yìn ahọ́n lọ́hùn-ún, yóò sì ráyè máa jẹ àjẹkù oúnjẹ àti awọ ẹnu tí ó ti kú, wọn yóò sì máa tú afẹ́fẹ́ olóòórùn imí-ọjọ́ jáde. Kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èyí, ìbáà jẹ́ ọmọdé, ìbáà jẹ́ ọba. Àfojúdi ni àwọn àgbà ka á sí láti gbé irú ẹnu bẹ́ẹ̀ síwájú ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Fún ìdí kan náà, kò bójú mu kí orín wà lẹ́nu ọmọdé kí ó sì máa bá àgbà sọ̀rọ̀; yíyọ ni yóò yọ ọ́, tàbí kí ó kọ́kọ́ parí ohun tí ó ń ṣe.

Ìtumọ̀ mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mẹ́nu bà mọ́, bóyá nítorí pé ó ti ń ti àwọn kan lójú. Lójú àwọn àgbà, ẹnu tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí omi kò sì tíì kàn láti òru, kì í ṣe ẹnu ìdọ̀tí lásán; ẹnu tí ó ní agbára ni. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ àti ọfọ̀ fi máa ń sọ pé kí a lò ó ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí a tó fọhùn sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ ti irú ẹnu bẹ́ẹ̀ jáde lè tètè ṣẹ, ìbáà jẹ́ ire, ìbáà jẹ́ ibi, nítorí náà kò yẹ kí a kàn máa fi í sọ ọ̀rọ̀ kiri ilé. Ènìyàn lè má gba èyí gbọ́, kò sì pọn dandan kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ìmọ́tótó nìkan ni ìtumọ̀ àṣà yìí, ìdajì rẹ̀ ni ó sọ, nítorí pé ìbẹ̀rù agbára ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ń mú kí àgbà dákẹ́ nígbà tí ọmọ tí ó fẹ́ràn bá ń kí i.

Ohun tí ìyá àgbà ń nawọ́ sí, tí àwọn ibòmíràn ń pè ní pákò, kì í ṣe igi kan náà ní gbogbo ilé. Orín àtà jẹ́ gbòǹgbò igi àtà. Ó máa ń ta ni lẹ́nu bí ata, lẹ́yìn náà ahọ́n yóò dà bí ẹni pé ó kú fún ìgbà díẹ̀, èyí tí ó mú kí àwọn tí eyín ń ro fẹ́ràn rẹ̀. Pákò Ìjẹ̀bú jẹ́ ẹ̀ka igi kékeré kan tí ń hù lábẹ́ àwọn igi ńlá inú igbó, ó sì wà lára àwọn tí a ń rí jù lórí àtẹ. Orín ìdí àti orín àyìn jẹ́ ti igi ilẹ̀ ọ̀dàn. Àwọn mìíràn ń lo ewúro, gbòǹgbò orógbó tàbí dóńgóyárò. Èyí tí ó pọ̀ nínú wọn korò tàbí kí ó ta lẹ́nu, àǹfààní sì wà nínú kíkorò náà: ó ń mú kí itọ́ sun, itọ́ ni ó sì ń ṣan ẹnu, tí ó ń pa oró kíkan tí ń jẹ eyín run. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi tí kò mọ̀ fi ṣe orín, nítorí pé igi olóró wà nínú igbó.

Èrò àwọn àgbà nípa orín ní ẹ̀rí. Ní ọdún 1987, V. O. Rotimi àti H. A. Mosadomi tẹ ìwádìí jáde lórí oje orín ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́sàn-án, wọ́n sì rí i pé lára wọn lè dènà àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ba èrìgì jẹ́. Ti orín àtà tilẹ̀ tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ní 1971, Sofowora àti Isaacs tẹ ìwádìí jáde pé oje gbòǹgbò rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí bí ó ṣe yẹ kí ó rí nínú ìgò àyẹ̀wò. Èyí kò sọ orín di oògùn àrùn náà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé igi tí àwọn baba wa yàn fún ẹnu kì í ṣe igi lásán.

Síbẹ̀, bí a ṣe ń lo orín ni ó ń sọ bí yóò ti wúlò tó. Orí rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ rún títí yóò fi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí búrọ́ọ̀ṣì. Èyí tí ó bá ti gbẹ, kí a rẹ ẹ́ sínú omi ná. Láti ibi èrìgì lọ sí ṣóńṣó eyín ni kí a máa fà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í ṣe kí a máa fi agbára gbá a lọ gbá a bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, nítorí pé irú gbígbá bẹ́ẹ̀ máa ń lé èrìgì sókè, ó sì máa ń jẹ ìdí eyín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń run orín sí eyín iwájú nìkan, èyí tí ayé ń rí nígbà tí a bá rẹ́rìn-ín, wọn a sì gbàgbé ẹ̀yìn eyín àti àwọn eyín ńlá inú lọ́hùn-ún. Eyín funfun lẹ̀ṣọ́ ẹ̀rín lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn eyín inú tí kò sí nínú ẹ̀ṣọ́ yìí ni akokoro sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ahọ́n náà ń fẹ́ híhá.

Ní ti bóyá orín nìkan tó, èrò tèmi ni pé kò tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ wa. Kò ní ìwọ̀n fluoride tí ọṣẹ ìfọyín ní, ohun tí ń mú ara eyín le sí i kí oró kíkan má baà tètè jẹ ẹ́. Ó tún ṣòro kí orín dé àlàfo tí ó há láàárín eyín méjì. Okùn tín-ín-rín tí a ṣe fún eyín ni ó ń dé ibẹ̀. Àìtó tí ó tóbi jù sì wà nínú àṣà náà fúnra rẹ̀. Nítorí pé ìkíni àárọ̀ ni a so ó mọ́, a kọ́ ọmọ láti fọ ẹnu ní òwúrọ̀, a kò sì kọ́ ọ láti fọ ọ́ kí ó tó sùn, bẹ́ẹ̀ òru tí itọ́ ń dín kù gan-an ni àdúgbò eyín kì í ní olùṣọ́. Ẹẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí a fọ eyín, fún ìṣẹ́jú méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti alẹ́. Kí a tu ìfófòó ọṣẹ náà dànù láì fi omi púpọ̀ yọ ẹnu, kí fluoride lè dúró lára eyín. Ẹni tí ó fẹ́ràn orín lè máa run ún ní àárọ̀, kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe ti alẹ́. Kò sí àgbà tí yóò kọ ìkíni ọmọ nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì ni ó fi fọ ẹnu.

Ọ̀rọ̀ èrìgì kù. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá ń run orín, ọ̀pọ̀ máa ń rò pé orín ni ó ṣá wọn, wọn a sì pa ibẹ̀ tì. Òdìkejì ni ó yẹ. Ìdọ̀tí tín-ín-rín tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ni ó sábà máa ń mú kí èrìgì wú, kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀, fífọ̀ ọ́ dáadáa pẹ̀lú sùúrù ni ó sì ń mú un padà bọ̀ sípò. Bí a bá fi ìdọ̀tí náà sílẹ̀, yóò le gbagidi, orín àti búrọ́ọ̀ṣì kò sì ní lè há a kúrò mọ́ àfi irin iṣẹ́ dókítà eyín. Bí ó bá pẹ́, egungun tí ó di eyín mú yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí eyín yóò fi máa mì, egungun náà kì í sì í sábà hù padà fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ àti àwọn tí ń mu sìgá ni èyí máa ń ṣe jù, èrìgì aboyún náà sì máa ń tètè wú. Àwọ̀ dúdú tí a bí mọ́ èrìgì ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe àrùn rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti ń fọ ẹnu dáadáa ní àárọ̀ àti ní alẹ́, tàbí tí eyín bá ń mì, tàbí tí ọyún ń jáde, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni kí a gbé e lọ.