Ẹ Bi Bàbá Onídùùrù: Kí ni wọ́n ń yìn lára ọmọ tó ń tẹ píánò?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ píánò ní ṣọ́ọ̀ṣì fi fídíò Yunchan Lim hàn mí, ọmọ Kòríà tó gba ipò kìíní nínú ìdíje Van Cliburn ní Texas lọ́dún 2022, ọmọ ọdún 18 péré. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin yìn ín títí. Àmọ́ orin tí Rachmaninoff, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń kọ orin sílẹ̀, ti kọ láti 1909 náà ló ṣáà tẹ̀. Kí wá ni tirẹ̀ níbẹ̀? Ẹ̀wẹ̀, ṣé kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì lè tó ọmọ mi? — Ìyá akọrin, Ṣágámù.

ÌDÁHÙN: Ìyá akọrin, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àwọn àgbà ìjọ wa níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní hímù kan náà ni mò ń tẹ̀ láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, kí ni mo tún ń gbowó lé lórí?

Ṣé ẹ máa ń lọ sí Ojúde Ọba? Oríkì kan náà ni àwọn onílù ń lù fún ìdílé ẹlẹ́ṣin kan. Onílù kan á lù ú, ẹni orí ẹṣin á dìde dúró. Òmíràn á lù ú, onítọ̀hún á máa wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ padà sí fídíò yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ọwọ́ méjèèjì ń tẹ orin kan ṣoṣo, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, jẹ́jẹ́. Kò le rárá, ọmọ yín á tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń kánjú kọjá níbẹ̀ torí ọkàn wọn ti wà níbi tó le níwájú. Lim ò kánjú. Rachmaninoff kọ nóòtì, ó kọ pé kó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ìka kọ̀ọ̀kan máa gbé, kò sí nínú ìwé. Bí ìka márùn-ún bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìka ọmọńdinrín ni orin wà lábẹ́ rẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ wúwo jù, òun ló sì jẹ́ aláìlágbára jù. Ẹsẹ̀ náà ńkọ́? Bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó kúrò lórí pédà, ìyẹn àtẹ̀sẹ̀ tó ń mú kí ohùn pẹ́, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ra.

Nítorí náà, ìyìn tó bá ń pariwo "idán ni, iṣẹ́ ìyanu ni", ẹ fò ó. Ẹ wá èyí tó sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Lọ́dún 2024 ni Lim gbé àkójọ étude méjèèjì tí Chopin kọ jáde, ìyẹn àwọn orin ìdánrawò fún píánò, Opus 10 àti Opus 25, ìwé ìròyìn Gramophone sì fún un ní ẹ̀bùn. Nínú orin ìkeje Opus 25, ọwọ́ òsì ló ń kọrin, ọ̀tún ló ń gbè é. Ẹni tó bá kọ̀wé yìn ín láìmẹ́nu ba ọwọ́ òsì yẹn, mi ò rò pé ó gbọ́ ọ. Yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Ẹni tí wọ́n ń yìn ṣáà gbọ́dọ̀ mọ èyí tó máa tún ṣe.

Èmi o, apá ìparí Rachmaninoff yẹn yá jù létí mi. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń dìde pàtẹ́wọ́. Bóyá àgbà ló ń ṣe mí.

Ní ti kíbọ́ọ̀dù, èyí tó pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kíì 61, píánò ní 88. Ìyẹn ò dùn mí tó fífúyẹ́ tí kíì rẹ̀ fúyẹ́: ìka tó mọ́ ọn lára ò ní mọ bí a ṣe ń gbé ohùn kan ju èkejì lọ. Ẹ bẹ ẹni tó ní píánò gidi, kó máa yọ̀ǹda rẹ̀ fún un lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá sì jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ tẹ kíì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún, kẹ́ ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ wo aṣọ orí àwọn òòlù inú rẹ̀, kòkòrò máa ń jẹ ẹ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mú ẹni tó ń tún píánò ṣe dání.