Kí ló dé tí àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà fi pe ọ̀rọ̀ Obama lórí ètò ìlera ní irọ́?

Nítorí ìlérí kan tó ń tẹnu mọ́ ni: pé ẹni tó bá fẹ́ràn adójútòfò ìlera tó ti ní tẹ́lẹ̀ kò ní pàdánù rẹ̀. Ó buwọ́ lu òfin ètò ìlera tuntun, tí wọ́n ń pè ní Obamacare, ní 23 oṣù kẹta 2010. Àmọ́ òfin ọ̀hún ní àwọn ètò adójútòfò tuntun gbọ́dọ̀ san owó ìbímọ àti ti oògùn, àti pé ètò àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ti yí padà gidi kò ní ààbò lọ́wọ́ òfin tuntun náà mọ́. Ìgbà tó fi máa di ìparí 2013, lẹ́tà ìfagilé ti ń wọlé tọ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Bàbá kan tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú wa nídìí ìsọ̀ fẹ́ńdọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú ló là á yé mi: "Lándìlọ́ọ̀dù ní o ò ní kó jáde. Ìjọba ní ilé tí ò bá ní ṣáláńgá tó dáa, wíwó ni. Lándìlọ́ọ̀dù ò kúkú lé ẹ, àmọ́ ibo lo fẹ́ sùn?"

PolitiFact, tó máa ń yẹ ọ̀rọ̀ olóṣèlú wò, sọ ìlérí náà ní Irọ́ Ọdún 2013. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn kan náà ló pè é ní òótọ́ ní 2008, tí wọ́n sì ní ó jẹ́ òótọ́ dé ààbọ̀ ní 2009 àti 2012. Obama fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì lórí tẹlifíṣọ̀n NBC ní oṣù kọkànlá 2013.