Bantam oní jíà mẹ́rin: má tíì sanwó

Àbúrò, o ní o rí BSA Bantam kan, alùpùpù kékeré ilẹ̀ Britain, tí wọ́n ń tà ní pọ́n-ùn 2,600. Ẹni tó ń tà á sọ pé 1963 ni wọ́n ṣe é, jíà mẹ́rin ló ní, ó sì ti ṣe tán fún pre-65, ìyẹn ìdíje gígun orí òkúta àti ẹrẹ̀ fún alùpùpù tí wọ́n ṣe ṣáájú 1965. O wá ń béèrè bóyá kó o san àsansílẹ̀. Má tíì san kọ́bọ̀. Irú ẹ̀ gan-an ni mo rà ní Yorkshire níbí, ní England, ojú mi sì rí nǹkan.

Ẹni tó tà á fún mi gbé pàtíkúlà síta, V5C gidi, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ti ilẹ̀ Britain, 1962 ló wà nínú rẹ̀. Mo gùn ún yí ọgbà rẹ̀ ká, mo ń ka jíà bí mo ṣe ń lọ: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Inú mi dùn, mo rò pé èrè orí ọjà ni. Mi ò mọ̀ pé jíà kẹrin yẹn ló máa tú mi fó.

Ó di àárọ̀ Sọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ síbi ìdíje. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń yẹ alùpùpù wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní nọ́ńbà. Kò bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" wọn lọ. Ó ń fi ọwọ́ kan yí táyà ẹ̀yìn, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ jíà. Ìgbà tí ìkẹrin wọlé, ó gbójú sókè wò mí. Ó lóṣòó, ó yọ ọ̀bẹ péńpé lápò, ó rọra ha ọ̀dà dúdú tí wọ́n kùn bo nọ́ńbà lára ẹ́ńjìnnì. D14 ló hàn lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ́ńjìnnì ìgbà 1968 nìyẹn, nínú férémù 1962.

Wọ́n jẹ́ kí n gùn ún lọ́jọ́ náà, àmọ́ wọn ò ka máàkì mi mọ́ tàwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi náà jẹ̀bi o. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé, mi ò fi wé ti ara ẹ́ńjìnnì. Ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, ti férémù ni.

Bí ọ̀rọ̀ Bantam ṣe rí nìyí. Àwòrán DKW ti Jámánì, RT125, ló bọ́ sọ́wọ́ BSA lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni wọ́n fi ṣe D1 lọ́dún 1948. Alùpùpù tálákà ni, Post Office pàápàá fi í gbé tẹligíráàmù kiri. Láti D1 títí kan D7, tí wọ́n ṣe dé 1966, jíà mẹ́ta péré ló ní. D10 tó tẹ̀ lé e ni jíà mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo D10 náà. Nítorí náà, Bantam 1963 tó bá ń wọ jíà kẹrin, ẹnì kan ló fi í sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

O lè ní kí ló wá dé tí wọ́n fi rọ̀ mọ́ 1965 bẹ́ẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, Britain ló ni irú ìdíje yìí, tí wọ́n ń pè ní trials. Láti 1909 ni ìdíje tó padà di Scottish Six Days ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1914, Alfred Scott tó ń ṣe alùpùpù ní Yorkshire dá Scott Trial sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kó o gun orí òkúta, kó o gba inú odò àti ẹrẹ̀ kọjá, kí ẹsẹ̀ rẹ má kanlẹ̀. O fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ máàkì kan sí ọ lọ́rùn. O dúró tàbí o ṣubú, márùn-ún. Ní 1961, Gordon Jackson gun AJS fún odindi ọjọ́ mẹ́fà ní Scotland, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Èmi kì í jáde nínú kòtò kan ṣoṣo láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Alùpùpù ńláńlá ló wà lóde nígbà náà: AJS, Matchless, Royal Enfield Bullet, àti Ariel 500 tí Sammy Miller, ọmọ Belfast, ń gùn, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ GOV 132. Nígbà tí 1964 ń parí lọ, Miller fi Ariel sílẹ̀, ó bá Bultaco ti Spain lọ, ó bá wọn tún Sherpa ṣe: two-stroke 250, ó fúyẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ariel. Ní 1965, òun ló fi gba Scottish Six Days, alùpùpù ilẹ̀ òkèèrè ò sì gbà á rí kó tó dìgbà náà. Bí ọjà àwọn ńláńlá yẹn ṣe kú nìyẹn. Ìlà tí wọ́n fà sí 1965, kí wọ́n lè rí ibi ṣeré tí Bultaco ò ní wọ̀ ni.

O wá rí i bó ṣe jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì iwájú tó ti Spain wá máa ń bí àwọn tó ń yẹ alùpùpù wò nínú ju ẹ́ńjìnnì lọ. Kò sí ohun tí àwọn tó ń díje kì í fi fáìlì rẹ́ orúkọ rẹ̀.

Òfin ò dọ́gba ṣá. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Kinlochleven, ní Scotland, láti 1984, Pre-65 Scottish, wọ́n le níbẹ̀, èèyàn sì ń pọ̀ ju ààyè lọ débi pé kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kan á gba ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1965 bó bá ṣáà jọ ti ìṣáájú. Àwọn mìíràn á ní kó o lọ sí kíláàsì twinshock, ti alùpùpù oní ṣọ́ọ̀kì méjì lẹ́yìn, kó o sì bá Bultaco jà níbẹ̀. Kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó o fẹ́ bá gùn kó o tó rà, fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn.

Èmi wá ẹ́ńjìnnì D7 lọ sí ọjà àlòkù, mo rí ọ̀kan ní pọ́n-ùn 380. Síìlì rẹ̀ ti gbẹ, bó o bá ti dẹ tọ́rọ́túlù sílẹ̀, ó kú. Mo pààrọ̀ síìlì. Jíà mẹ́ta ò rọrùn o: ti àkọ́kọ́ ń fà dáadáa, ìkejì jìnnà sí i bí Ìbàdàn ṣe jìnnà sí Èkó, o ò ní lè lò ó nínú odò. Ìgbà tí mo fi sípírókẹ́ẹ̀tì tó tóbi sẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣeé gùn. Gbogbo owó tí mo ná lé e, mi ò jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀ ọ́n pé pérépéré.

O tún dárúkọ Tiger Cub. Ìyẹn dáa, àmọ́ má fi jíà dán an wò, jíà mẹ́rin ni Triumph fún un láti ilẹ̀. Wọ́n ṣe é dé 1968, ara férémù àti ẹ́ńjìnnì ni wàá ti ka nọ́ńbà.

Ti Bantam tó ń wù ọ́ yìí, wo fọ́tò kẹta tó o fi ránṣẹ́ dáadáa. Ọ̀dà ara ẹ́ńjìnnì ti ṣá níbi gbogbo, àfi ojú ibi tí nọ́ńbà wà, ńṣe ló ń dán. Sọ fún un pé kó ha á, kó ya fọ́tò mìíràn. Bó bá ní òjò ń rọ̀, òun ò lè gbé e síta, sọ fún un pé o máa dúró kó dá.