Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan fèrèsé yẹn

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní oṣù mẹ́jọ péré lẹ fi àwọn fèrèsé sláídìn yẹn sílé, òjò ti ń wọ pálọ̀, oní-álúmínọ́mù tó fún yín ní gàrántì ọdún kan sì ń sọ pé ẹ̀fúùfù ló pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn ní Parakin níbí, n'Ílé-Ifẹ̀. Kí la wá ń fi fèrèsé ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Lẹ́yìn òjò kejì, sùúrù mi tán. Mo pe ọmọkùnrin kan ládùúgbò, ó fi sílíkọ̀nì kun etí fèrèsé méjì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn yíká, mo fún un ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Nígbà tí oní-gàrántì dé, kò tíì jókòó tó fi nawọ́ sí i: "Mọ́mì, ta ló fọwọ́ kàn án?" Bí gàrántì fèrèsé méjèèjì yẹn ṣe bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Sílíkọ̀nì ọ̀hún tún ti dí ihò tí omi ń gbà jáde, òjò tó tẹ̀ lé e wá wọlé ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ihò yẹn ni kí ẹ wá. Ìsàlẹ̀ fèrèsé sláídìn ní kòtò tóóró tí gíláàsì ń rìn lórí rẹ̀. Omi òjò á kó síbẹ̀, á sì gba ihò kéékèèké jáde síta. Bí wọn ò bá lu ihò náà, tàbí tí bíríkìlà ti fi sìmẹ́ńtì dí i nígbà tó ń rẹ́ ògiri, omi á kún, á dà sínú ilé. Ẹ bu omi ife kan, ẹ rọra dà á sínú kòtò yẹn. Tí kò bá jáde síta, ọ̀rọ̀ ihò ni. Tó bá jáde wẹ́rẹ́, àmọ́ tí ògiri abẹ́ fèrèsé ń rin tí òjò bá rọ̀, ẹ wo àlàfo àárín férémù àti ògiri. Ẹ tún fi téèpù wọn férémù láti igun dé igun, lápá méjèèjì. Tí wọn ò bá dọ́gba, férémù ti wọ́, gíláàsì ò ní pàdé dáadáa. Ọ̀kan nínú tèmi fi sẹ̀ǹtímítà méjì yàtọ̀. Mo ya fọ́tò téèpù náà.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni oní-álúmínọ́mù tèmi fi ń sọ pé "ọ̀la". Ó tún ní gíláàsì nìkan ni gàrántì wà fún. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí lórí rìsíìtì. Mo kó fọ́tò gbogbo ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo kọ ọjọ́ tí òjò kọ̀ọ̀kan wọlé sí i, mo sì fi kún un pé òfin FCCPA ti ọdún 2018, èyí tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní tí iṣẹ́ bá ní àléébù, kí ẹni tó ṣe é tún un ṣe tàbí kó dá èyí tó tọ́ padà nínú owó. Ìpè pọ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìpè? Lọ́jọ́ kejì mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lagere láàárọ̀, nígbà tí àwọn oníbàárà ń wọlé. Mi ò pariwo. Gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti kí mi, mo ń sọ ohun tí mo bá wá fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló rán àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n fi díríìlì lu ihò, wọ́n yọ férémù tó wọ́, wọ́n tò ó padà. Mi ò jẹ́ kí wọ́n lọ títí mo fi da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì lu fèrèsé kọ̀ọ̀kan láti ìta.

Oṣù mẹ́rin ló kù fún yín, ẹ fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí oní-álúmínọ́mù yín lónìí. Tí owó rẹ̀ kan bá sì ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú un dání. Ní tèmi, pálọ̀ ti gbẹ. Yàrá ẹ̀yìn nìkan ni mo ṣì ń tẹ́ táwẹ̀lì sí.