Ṣé oògùn koríko èṣí ṣì wà nínú ilẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Oko méjì ni mo ń dá ní Kwali níbí. Ọ̀kan wà lórí òkè, yanrìn ni. Ìkejì wà ní fàdámà, ìyẹn àkùrọ̀, ilẹ̀ amọ̀ dúdú. Oṣù kẹjọ èṣí ni mo fọ́n oògùn koríko atrazine sí àgbàdo nínú méjèèjì. Òjò ti dé báyìí, ẹ̀wà ni mo fẹ́ gbìn. Ẹni tí a jọ pààlà oko ní oògùn náà á ti kú, nítorí ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko, sà. Kò tíì dájú. Púpọ̀ nínú oṣù tí ẹnìkejì yín ń kà yẹn kò bọ́ sínú ìṣirò. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń jẹ atrazine run, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ láìsí omi. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní Kwali, tí ọyẹ́ gbẹ ilẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró nìyẹn títí òjò yóò fi padà. Nǹkan bí 60 ọjọ́ ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà kí atrazine tó dín sí ìdajì; ọjọ́ tí ilẹ̀ rin ni kí ẹ kà, ẹ má ka ẹ̀ẹ̀rùn mọ́ ọn.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù oko òkè fi ń bà mí ju ti fàdámà lọ. Yanrìn kì í di oògùn mú. Òjò á gbé apá kan lọ sísàlẹ̀, ó sì lè dé kànga. Èyí tó bá kù lókè, gbòǹgbò á fà á tààrà. Ewé jíjẹrà kò pọ̀ níbẹ̀, kòkòrò tó máa jẹ oògùn náà kò sì pọ̀. Ilẹ̀ fàdámà ní tirẹ̀ máa ń dì í mọ́ra, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rin títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Àfi ibi tí omi bá ti dúró lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí atẹ́gùn kò wọlé. Iṣẹ́ máa ń falẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ibi tí ẹ ti sun pàǹtí pẹ̀lú. Eérú ń dín ásíìdì ilẹ̀ kù, atrazine sì máa ń pẹ́ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èédú á gbá oògùn mọ́ra débi pé koríko á máa hù níbẹ̀ bí ẹni pé ẹ kò fọ́n nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti bú ẹni tó tà á fún wọn nítorí èyí.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó ra irúgbìn. Ẹ bu ilẹ̀ ojú òkè, kó má jìn ju gígùn ìka kan lọ, láti ibi bíi mẹ́wàá nínú oko kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pò ó pọ̀. Ẹ bu irú ilẹ̀ kan náà níbi tí oògùn kò dé rí. Ẹ gbin ẹ̀wà sínú agolo, kí ẹ máa bomi rin ín. Gbogbo rẹ̀ ni yóò hù dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín, oúnjẹ inú irúgbìn ló ṣì ń jẹ. Ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí etí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n, tó ń gbẹ, tí ti ilẹ̀ aláìlóògùn sì tutù yọ̀yọ̀, àgbàdo tàbí ọkà bàbà ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Atrazine kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ká ní glyphosate, oògùn koríko mìíràn, ni ẹ fọ́n ni, mi ò ní dá yín dúró. Bó bá ti kan amọ̀ ló ti lẹ̀ mọ́ ọn, gbòǹgbò kì í rí i fà.

Atrazine tó bá ṣẹ́kù nílé, ẹ má fọ́n ọn mọ́ o. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025.