Ojú Ń Tì Mí Láti Polówó Eré Wa

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, mo wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré orí ìtàgé kan ní Kàbà. A fẹ́ ṣe eré ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìparí oṣù yìí, wọ́n sì ní kí n máa ta tíkẹ́ẹ̀tì láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rù kì í bà mí lórí ìtàgé rárá, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró níwájú oníṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ọ̀fun mi á gbẹ, n ó sì sọ pé mo kàn yà kí wọn ni. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìkíni tí ẹ fi ń sá yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Okun wa, níbi tí ìkíni ti di orúkọ tí wọ́n ń pè wá, ẹni tí ẹ kí ní “Okun o” tó sì dá yín lóhùn ti gbà yín lálejò. Ohun tó kù ni kí ẹ jíṣẹ́ tí ẹ bá wá.

Lórí ìtàgé, ọ̀rọ̀ yín ti wà lẹ́nu yín kí ẹ tó jáde. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ kò mọ èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta sílẹ̀, lórí ohun tí eré náà dá lé, ọjọ́ àti ibi tí yóò ti wáyé, àti iye owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi dánra wò níwájú ẹlẹgbẹ́ yín kan tí yóò ṣe bí oníṣọ́ọ̀bù tí ojú rẹ̀ le. Iye owó ni kí ẹ pè léraléra jù, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń tọrọ báárà.

Ní ti ọ̀fun tó ń gbẹ, ara ló ń múra bí ẹni pé ewu ń bọ̀. Ẹ mí sínú, kí ẹ sì mí jáde díẹ̀díẹ̀, kí èyí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó wọlé lọ. Ẹ gbé omi dání.

Ṣùgbọ́n èmi kò rí ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹ dá lọ. Láyé ìgbà kan, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri bíi ti Hubert Ògúndé, tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, bá wọ ìlú, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń fi ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde yí ìlú ká. Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀, ẹ mú onílù kan dání. Bí ó bá jẹ́ inú ọjà ni, ẹ kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà.

Àwọn kan yóò ní àwọn ń bọ̀, wọn kò sì ní wá. Àwọn mìíràn yóò ní owó kò sí. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè lẹ ìwé ìpolówó kan mọ́ ilẹ̀kùn wọn, kí ẹ sì tètè wọ ṣọ́ọ̀bù kejì kí ojú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì yín.