Ṣé Òfin Tó Dín Ẹrù Típà Kù Ló Ń Fi Kún Èéfín?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Típà ni mo fi ń kó yanrìn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Òfin ní ọkọ̀ mi ò gbọdọ̀ wọ̀n ju tọ́ọ̀nù 32 lọ tòun tẹrù. Tíríìpù wá pọ̀, epo ń jó, èéfín ń tú. Ṣé òfin yìí gan-an kọ́ ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Típà tó ṣófo á ti tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 12. Irin yẹn lẹ ń rù lọ, òun náà lẹ ń rù bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó tọ́ọ̀nù 1,000 yanrìn, tí ẹ ń di 20 lẹ́ẹ̀kan, tíríìpù 50 ni. Tí ẹ bá ń di 25, ó di 40. Lóòótọ́, ọkọ̀ tó wúwo sí i á mu epo díẹ̀ sí i, síbẹ̀ èéfín á dín kù.

Abẹ́ táyà ni wàhálà wà. Láàárín 1958 sí 1960, wọ́n ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ wá bọ̀ lórí títì àdánwò kan ní Illinois, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí ẹrù orí axle, ìyẹn ọ̀pá tí táyà ọ̀tún àti tòsì wà lórí rẹ̀, bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún títì á sún mọ́ ìlọ́po 16. Ìṣirò yìí kì í bá a mu géérégé níbi gbogbo, àmọ́ òun la ṣì ń lò.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé axle yín jẹ́ 4, tí ẹrù sì pín dọ́gba. Ní tọ́ọ̀nù 32, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 8. Ní 37, ìyẹn irin 12 àti yanrìn 25, ó di 9.25. Kò jọ nǹkan kan lójú, ṣùgbọ́n tíríìpù kan ti ń ba títì jẹ́ tó ìlọ́po 1.8. Tíríìpù 40 yẹn á wá ṣe títì bí ẹni pé ẹ fi tọ́ọ̀nù 32 rìn ju 70 lọ, dípò 50. Títì ò sì ń tún ara rẹ̀ ṣe: wọ́n á fọ́ òkúta, wọ́n á yọ́ ọ̀dà lórí iná, típà ni yóò tún kó o débẹ̀. Kí wọ́n tó dé, gbogbo ọkọ̀ á máa tẹ bíréèkì níwájú kòtò, wọ́n á tún fi epo fà á jáde.

Ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá tutù, táyà ọkọ̀ ńlá á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀, omi òjò ò ní rí ibi wọ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ má jà fún ẹrù púpọ̀ lórí axle 4. Ẹ wá ọkọ̀ oní-axle 5. Bó bá tiẹ̀ wọn tọ́ọ̀nù 13 ní òfìfo, tó di 25, 7.6 péré ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, tíríìpù á sì tún dín. Ẹ kọ́kọ́ wádìí òfin afárá ọ̀nà yín o, nítorí àpapọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ ni afárá ń wò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì ń wó ilé tàbí gbẹ́lẹ̀ nítòsí ibi tí ẹ ti já yanrìn, ẹ bá wọn kó àwókù tàbí iyẹ̀pẹ̀ wọn bọ̀, kí ọkọ̀ yín má bàa padà lófìfo.